Owó físà tí a san kí a tó lọ wo ẹyẹ òfú

Ìlà kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú lórí rìsíìtì tí iléeṣẹ́ kan tó ń ṣètò ìrìn-àjò ní Àgbádárìgì fún èmi àti ìyàwó mi, nígbà tí a sanwó láti lọ wo ẹyẹ ní Djoudj, ọgbà ìjọba tó wà ní ẹnu odò Sẹ̀nẹ̀gàl. Wọ́n kọ "owó físà" síbẹ̀ gàdàgbà. Nígbà tí a dé Dakar, òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè yẹ ìwé ìrìnnà wa wò, ó lu òǹtẹ̀, ó ní kí a máa lọ. Kò béèrè físà kankan, nítorí pé ní Dakar yẹn gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i ní ọdún 1979 pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà.

Mo pe ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹ má bínú, Dádì, owó iṣẹ́ ìwé ni." Mo ní kí ó sọ irú ìwé tí wọ́n ṣe. Ó ní kí n dúró, ó sì gbé orin sí mi létí títí owó orí fóònù mi fi tán.

Ṣùgbọ́n ọmọ Àjárá tí wọ́n fi tẹ̀ lé wa, tó gbọ́ Faransé dáadáa, mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ìyàwó mi jókòó sí àárín ọkọ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, ó sì ní kí atukọ̀ rọra bí a ti ń sún mọ́ erékùṣù tí àwọn òfú ń pamọ sí. Òórùn ìgbẹ́ wọn ti lù wá nímú kí a tó rí wọn. Mo rí ọmọ òfú kan tó ki gbogbo orí rẹ̀ bọ àpò abẹ́ àgógó ìyá rẹ̀, bí ẹni tó ń wá owó nísàlẹ̀ àpò. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé físà títí di alẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù Yúróòpù bá ti la aṣálẹ̀ Sàhàrá kọjá wá síbi omi náà.

Nígbà tí a padà dé, ìdajì owó náà ni ọ̀gá wọn dá padà. Ó ní ìyókù ti wọ inú owó ọkọ̀ ojú omi, bẹ́ẹ̀ owó ọkọ̀ ojú omi ní ìlà tirẹ̀ lórí rìsíìtì kan náà.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Ọmọ Àjárá ló ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí wọ́n bá sì san ìdajì tó kù lónìí, n kò ní fi kún un.