Kọ́ọ̀sì òṣèlú àgbáyé tí mo ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ méjìlá kan, èrò àwọn àtijọ́ àti tòde òní nípa báwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń bá ara wọn lò ni wọ́n fi kọ́ wa. Ohun tó mú mi jù ni pé ìwé táwọn òǹkọ̀wé náà fúnra wọn kọ gangan ni wọ́n ní ká kà, kì í ṣe àkópọ̀ tẹ́nì kan ti jẹ lẹ́nu fún wa.

Thucydides, òpìtàn Gíríìkì àtijọ́, la fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Athens, ìlú alágbára kan ní Gíríìsì, kó ọkọ̀ ogun lọ bá Melos, erékùṣù kékeré kan, lọ́dún 416 kí wọ́n tó bí Jésù, wọ́n ní ẹ túúbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ò sí láàrin alágbára àti aláìlágbára. Melos kọ̀. Wọ́n pa àwọn ọkùnrin tọ́wọ́ wọn tẹ̀, wọ́n ta obìnrin àtọmọdé lẹ́rú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oorun ò kùn mí.

Hobbes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kàn, àṣé òun fúnra ẹ̀ ló tú Thucydides sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1629, ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni ìbẹ̀rù tó kún inú ìwé ẹ̀, Leviathan (1651), tó wá yé mi. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá gbé ìwé Walzer (1977), ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí ẹ̀tọ́ nínú ogun, kò wá lójú, ó ní irọ́ ni pé Athens ò ní ọ̀nà míì. Ẹ wo Mytilene, ìlú tó ṣọ̀tẹ̀ sí Athens, lọ́dún 427 kí wọ́n tó bí Jésù: àwọn ará Athens ti pàṣẹ pé kí wọ́n pa gbogbo ọkùnrin ibẹ̀, ilẹ̀ mọ́, ọkàn wọn ò balẹ̀, wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n rán ọkọ̀ kejì pé kó sáré lé ti àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ka àṣẹ yẹn tán báyìí lọkọ̀ kejì gúnlẹ̀! Àwọn aṣáájú ọ̀tẹ̀ nìkan ló kú. A jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ti Melos ni.

Ibi tó dùn mí ni ìparí. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fún Beitz àti Rawls, àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà méjì, bẹ́ẹ̀ àríyànjiyàn ńlá ni o, Beitz ní 1979 ní ìlànà ìpín ọrọ̀ tí Rawls là sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kan yẹ kó kárí ayé, Rawls fúnra ẹ̀ ò gbà ní 1999, ó ní ojúṣe ìrànwọ́ wà, àmọ́ ó níbi tó ń dé dúró. Àròkọ mi lórí ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó máàkì ẹ̀, ìlà kan ni wọ́n kọ sí i. Wọn ò sì dárúkọ Fanon, tó kọ̀wé tako ìjọba amúnisìn, rárá, ìyẹn bí mi nínú.

Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ráyè kàwé dáadáa, ẹ ṣe é. Èmi ti padà sídìí Mytilene. Diodotus, ará Athens tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu gba ìlú yẹn là, ò tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹ̀tọ́, èrè Athens ló ń tọ́ka sí, ìyẹn ni mò ń bá jà báyìí.