Iṣẹ́ Abẹ Ni Àbí Ìtọ́jú Ọmọdé?

Àwọn àbúrò wa tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Ṣágámù kì í yé bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n yàn?" Iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú ọmọdé ni wọ́n máa ń dárúkọ jù.

Ní ti àkókò, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: hausjọ́ọ̀bù (iṣẹ́ ọdún kan tí dókítà tuntun ń ṣe lábẹ́ àbójútó), àgùnbánirọ̀, ìdánwò, rẹ́sídẹ́ńsì (ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń sọ dókítà di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀ka kan) ọlọ́dún gbọọrọ.

Ara àti ọkàn ni ọ̀rọ̀ wà. Oníṣẹ́ abẹ lè dúró wákàtí 6 láìjókòó, pàápàá bí ọkọ̀ bá forí sọra lóru ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Abẹ́rẹ́ sì lè gún un, kó kó àrùn inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Oníṣègùn ọmọdé kì í dúró pẹ́ tó yẹn, àmọ́ aláìsàn rẹ̀ kò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ wá iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ lára ọmọ ọjọ́ 2 wò ná! Ikú ọmọ a sì máa wọni ní akínyẹmí ara. Ẹni tó bá ní ó ti mọ́ òun lára, mi ò gbà á gbọ́.

Ní ti owó, iṣẹ́ abẹ ń fẹ́ tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ), akunnilóorun, àti iná tí kì í ṣẹ́jú. Irinṣẹ́ díẹ̀ ni oníṣègùn ọmọdé fi lè bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Bí ọwọ́ rẹ bá balẹ̀, tí o sì fẹ́ tètè rí èsì, iṣẹ́ abẹ lè bá ọ mu. Bí o bá ní sùúrù fún ọmọ tó ń ké àti ìyá tó ń ké jù ú lọ, lọ sí ti ọmọdé. Bí o kò bá tíì mọ̀, hausjọ́ọ̀bù yóò mú ọ gba ẹ̀ka méjèèjì kọjá, oṣù 3, oṣù 3.