Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ́fíìsì àwọn alágbàtà ìpín kan ní Ògbómọ̀ṣọ́: bí mo ṣe rí i

Ilé-iṣẹ́ alágbàtà ìpín ìdókòwò kan, ìyẹn àwọn tó ń bá ènìyàn ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n sì ń bá a tà á, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó ń wá òṣìṣẹ́ sí ọ́fíìsì kékeré tí wọ́n ní sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kọ̀wé béèrè fún iṣẹ́ náà, wọ́n sì pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí n kò wá láti ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá àti àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń parí ọdún ìsìnlú wọn ni mo ń kọ èyí sí, torí irú ìpè bẹ́ẹ̀ lè kàn wọ́n nígbàkigbà. Kí n má baà fa ọ̀rọ̀ gùn: ìbéèrè tí wọ́n bi wá dára ju ti ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí tí mo ti lọ rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé fún wa kọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n bi wá léèrè nípa rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n pè wá. Yàrá méjì péré ni ọ́fíìsì náà, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lójú ọ̀nà tó gba Tákíè kọjá, tẹlifíṣọ̀n kan sì wà lára ògiri tí iye owó àwọn ìpín ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Àwa mẹ́rìnlá la wá, àga mẹ́jọ ló wà nílẹ̀. Obìnrin kan tó ti Ọ̀yọ́ wá sọ fún mi pé aago mẹ́fà lòun ti wọkọ̀, pé tírélà kan dábùú ọ̀nà nítòsí Odò-Ọbà, òun sì ti ń gbàdúrà kí wọ́n má tíì ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Ì bá má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ọjà ìpín ṣí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, à ń wo bí iye owó ṣe ń yí pa dà lára ògiri, aago mọ́kànlá sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó gbé ìwé ìdánwò wá. Kò sí ẹni tó jáde wá sọ pé ẹ má bínú. A kò rí omi mu. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ jẹun kí ẹ tó lọ.

Ìdánwò náà, ogún ìbéèrè ní ogójì ìṣẹ́jú, kì í ṣe ti àkọ́sórí. Wọ́n ní ìpín kan parí ní ₦20 lánàá. Níbo ló lè dé lónìí? Ẹni tó mọ̀ pé ọjà ìpín wa kì í jẹ́ kí iye owó gòkè tàbí wálẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́ yóò kọ ₦18 sí ₦22, yóò sì máa lọ. Ìbéèrè kẹta ní kí a ṣírò kọmíṣọ̀n alágbàtà lórí ìpín ₦100,000, bí ó bá jẹ́ ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún, kí a sì fi owó orí ọjà, VAT, kún un. ₦1,350 ni kọmíṣọ̀n náà, VAT orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦101.25. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ₦1,350 yẹn, mo máa pa dà sórí rẹ̀. Wọ́n tún béèrè ọjọ́ tí owó ẹni tó ta ìpín lónìí yóò tó wọlé. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni nígbà náà.

Bí a ti ń dúró kí wọ́n máa pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan ni bàbá àgbàlagbà kan gun àtẹ̀gùn wọlé pẹ̀lú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì kúnlẹ̀ kí wọn. Bàbá tú ọ̀rá náà: ìwé ẹ̀rí ìpín mẹ́ta ni, etí wọn ti pọ́n, ọ̀kan ti fẹ́ẹ́ já níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po, orúkọ bàbá àti ọdún 1992 sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tẹ̀ gbàgà. Bàbá ní, "Ọdún kẹwàá rèé tí mi ò ti rí èrè kankan gbà. Àwọn ọmọ ní kí n dà á nù." Ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n jókòó, ọ̀gá ń bọ̀. Mo dìde fún wọn.

Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, mo bá ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ti Èkó wá, àti obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka náà. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kóòtù tí mo yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò gbà, mo tẹríba. Ọkùnrin náà kò ní kí n sọ nípa ara mi, bí gbogbo wọn ti máa ń ṣe. Ó ní, "Ṣé o rí bàbá tó mú ọ̀rá dání níta? Ká ní ìwọ lo wà nídìí tábìlì, kí lo máa ṣe fún wọn?"

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn títí di òní. Mo ní n óò ṣí àkáǹtì fún wọn lọ́dọ̀ CSCS, ilé ìtọ́jú ìpín tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997, nítorí ìwé tí bàbá ní lọ́wọ́ ti wà ṣáájú rẹ̀. Pé n óò gba nọ́ńbà BVN wọn, n óò bá wọn kọ fọ́ọ̀mù tí a fi ń kó ìpín orí ìwé sínú kọ̀ǹpútà, a ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí réjísírà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn onípìn-ín kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó sì kọ fọ́ọ̀mù tí èrè orí ìpín yóò fi máa wọ báńkì wọn tààrà. Inú mi dùn sí ara mi. Ọ̀gá obìnrin náà wò mí, ó ní, "O ò wo ọwọ́ bàbá. Ó ń gbọ̀n. Ṣé ìfọwọ́sí wọn lónìí máa bá ti 1992 mu?" Ó wá ṣàlàyé fún mi, bí ẹni ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, pé réjísírà yóò dá fọ́ọ̀mù náà pa dà, àti pé ó yẹ kí bàbá kọ́kọ́ lọ sí báńkì wọn kí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ìfọwọ́sí tuntun, kí bàbá má baà gun àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lásán.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà bi mí ohun tí n óò sọ fún ìyá aláṣọ kan ní Ọjà Jagun tó bá ní 2008 ló kó òun lówó lọ. Mo sọ pé òṣùwọ̀n gbogbo ìpín, nọ́ńbà tí a fi ń mọ bí iye owó ìpín lápapọ̀ ṣe ń gòkè tàbí wálẹ̀, kọjá 66,000 ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ó sì wálẹ̀ dé nǹkan bí 20,000 láàárín ọdún kan. Pé ọ̀pọ̀ ló yá owó báńkì láti fi ra ìpín, tí báńkì sì ń tà á ní tipátipá bí iye rẹ̀ ti ń wálẹ̀, èyí tó tún ń tì í wálẹ̀ sí i. Ó ní ìyá aláṣọ kò ní dúró gbọ́ gbogbo ìyẹn. Mo ní, "Ìyá, gbèsè ló fa wàhálà, kì í ṣe ìpín." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdajì òótọ́ nìyẹn, kí n má ṣe sọ ọ́ fún oníbàárà, nítorí ẹni tí kò jẹ gbèsè kọ́bọ̀ náà pàdánù. Alágbàtà tó lè sọ bẹ́ẹ̀, mo lè fi owó mi sọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ní kí èmi náà béèrè ohun tí mo bá fẹ́ ni nǹkan yí pa dà. Mo béèrè owó oṣù. Wọ́n wo ara wọn, ọ̀gá obìnrin ní, "A ó jíròrò ìyẹn tó bá yá." Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé. Alágbàtà ìpín tó ń kọ́ṣẹ́ ni ìpolówó wọn sọ. Nínú lẹ́tà, aṣojú tí yóò máa wá oníbàárà ni mo jẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nípa ìdánwò Chartered Institute of Stockbrokers, bẹ́ẹ̀ láìyege ìdánwò yẹn, ènìyàn kò lè pe ara rẹ̀ ní alágbàtà ìpín. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ kò ní owó oṣù, àfi ₦15,000 owó ọkọ̀, àti ìdá kan nínú márùn-ún kọmíṣọ̀n oníbàárà tí mo bá mú wá.

Mo mú bírò. Ìdá kan nínú márùn-ún ₦1,350 jẹ́ ₦270. Kí n tó rí ₦70,000, iye tí òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 fi ṣe owó oṣù tó kéré jù, ó di kí oníbàárà mi ra ìpín ₦100,000 ní ìgbà 260 lóṣù kan, mílíọ̀nù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náírà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣòwò tí 2008 kò tíì kúrò lọ́kàn wọn. Kò burú kí ènìyàn jẹ nínú kọmíṣọ̀n, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é; ohun tó dùn mí ni pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí obìnrin Ọ̀yọ́ yẹn tó wọkọ̀ láàárọ̀, wọn kò sì kọ ọ́ sínú ìpolówó. Ẹ fi ìwé béèrè bí wọ́n ṣe ń sanwó kí ẹ tó gbéra.

Mo kọ̀wé dúpẹ́, mo kọ iṣẹ́ náà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo pa dà gun àtẹ̀gùn kan náà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìpín bàbá mi, lẹ́yìn tí a ti kọ́kọ́ lọ sí báńkì gba òǹtẹ̀. Ọmọbìnrin ọjọ́sí yẹn ló dá wa lóhùn, kò sì fi wá ṣòfò àkókò. Nọ́ńbà CSCS bàbá mi jáde ní ọjọ́ kẹrin.