Àwo blues ojú agbo mẹ́rin: èwo lẹ ó kọ́kọ́ rà?

Àwo blues (orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà) kan náà, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo, níwájú èrò, ni mo rà lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní ń jẹ́ Folk Festival of the Blues, èkejì ń jẹ́ Blues from Big Bill's Copacabana. Àwòrán ara páálí wọn kò jọra. Ilé iṣẹ́ àwo Argo ló kọ́kọ́ gbé e jáde, Chess tún wá yí orúkọ rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ilé kan náà ni àwọn méjèèjì. Ìgbà tí mo gbé abẹ́rẹ́ lé èkejì, tí mo gbọ́ ohùn olóòtú ètò tó ń pe àwọn olórin lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo di orí mú. Kí ojú má baà ti ẹlòmíràn bí ó ṣe tì mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa irú àwo yìí.

Mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé síra wọn: àwo Copacabana yìí; Blues at Newport, tí Vanguard gbé jáde; Ann Arbor Blues Festival 1969, tí Third Man Records kó jáde ní 2019; àti Ann Arbor Blues & Jazz Festival 1972, tí Atlantic gbé jáde ní 1973. Àkójọ ni gbogbo wọn, olórin púpọ̀ nínú agbo kan. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí àtẹ́wọ́ inú wọn, ẹ ó rí i pé ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó ti bá olórin ṣe òru lóde ìnáwó mọ ohun tí mò ń wí: ọkùnrin tó kọrin jẹ́jẹ́ ní situdíò lọ́sàn-án kì í ṣe ẹni náà mọ́ tí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí.

Ọjọ́ Ẹtì kan, agbo méjì

Ọjọ́ Ẹtì ni 26 Oṣù Keje 1963. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n gba àwo Copacabana sílẹ̀ nínú ilé ijó kan ní Chicago. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àjọ̀dún orin Newport bẹ̀rẹ̀ ní Rhode Island, títí di ọjọ́ 28. Tí ẹ bá gbọ́ àwo méjèèjì tẹ̀léra, ṣe ló dà bíi pé ẹ gba òde méjì lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Ní Chicago, gìtá oníná ló ń ké. Sákísófóònù wà níbẹ̀, Otis Spann ló jókòó sídìí dùùrù, Big Bill Hill, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ló ń darí ètò. Muddy Waters, Howlin' Wolf àti Willie Dixon ni àgbà. Ẹni tó ń fi gìtá gbè lẹ́yìn wọn ni Buddy Guy, tó ku ọjọ́ mẹ́rin kó pé ọmọ ọdún 27, ọmọdé kò sì dákẹ́ níwájú àgbà o. Àwọn èrò mọ orin náà. Ìlú wọn ni wọ́n ti ń kọ ọ́, nítorí náà wọn kì í dúró kí orin parí kí wọ́n tó fèsì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Orúkọ Sonny Boy Williamson wà lára páálí, ṣùgbọ́n Bring It On Home tí ẹ ó gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe orin ojú agbo. Inú situdíò ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ní Oṣù Kìíní ọdún yẹn, wọ́n wá lẹ àtẹ́wọ́ mọ́ ọn. Ẹ fi íyàpíìsì gbọ́ ọ, kí ẹ sì gbọ́ orin Muddy kan tẹ̀lé e. Níbi ti Muddy, ariwo ń dìde tó bá sọ gbólóhùn tó dùn mọ́ wọn. Níbi ti Sonny Boy, àtẹ́wọ́ ń lọ tirẹ̀, olórin ń lọ tirẹ̀. Orin tó dára ni, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹni tó ń sanwó nítorí ojú agbo yẹ kó mọ̀.

Ní Newport, ìta gbangba ni, gìtá lásán tí kò ní wáyà ni ọ̀pọ̀ ń ta, àwọn tó sì jókòó síwájú jẹ́ ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun, púpọ̀ nínú wọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n pa rọ́rọ́. Ìdí tí mo fi ń gbé àwo yìí sẹ́rọ ni Mississippi John Hurt. Ó ti kọrin sínú àwo ní 1928, ọjà kò tà, ó padà sídìí oko rẹ̀. Ọdún 1963 yẹn ni wọ́n wá a dé Avalon ní Mississippi, nítorí pé ó dá orúkọ abúlé náà nínú orin rẹ̀ àtijọ́. Ó ti pé àádọ́rin ọdún nígbà tó dúró níwájú wọn. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń lu okùn ìsàlẹ̀ láìsinmi bí ẹni gúnyán, ìka yòókù ń kọ orin lókè, ohùn rẹ̀ kò sì ga ju ti ẹni tó ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Irú èyí kò lè yè nínú ariwo Copacabana. Ẹ ṣọ́ra fún ọdún ara páálí: Newport ti 1964 wà lọ́tọ̀, níbi tí Skip James ti kọrin ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n rí i lórí ibùsùn ilé ìwòsàn.

Ann Arbor méjì

Ìlú Ann Arbor ní Michigan ló ni méjì tó kù, ọdún mẹ́ta péré ló wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n wọn kò sún mọ́ra rárá.

Ti 1969 (1 sí 3 Oṣù Kẹjọ), akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ṣètò rẹ̀, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan ló sì gba ohùn tó wà nínú àwo. Ó ń hàn. Ìlù ń fọ́, ohùn ìsàlẹ̀ kò sí, ibòmíràn ń dún bíi rédíò ilé kejì. Ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀ ná: B.B. King, Son House, Big Mama Thornton, T-Bone Walker. Magic Sam débẹ̀ láìsí onílù tirẹ̀, Sam Lay ló bá a lu ìlù, Magic Sam sì gba agbo mọ́ àwọn àgbà lọ́wọ́. Ọjọ́ kìíní Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ló kú, ọmọ ọdún 32. Bí ẹ kò bá tíì fẹ́ràn blues, ẹ má fi èyí bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó kàn sọ pé sípíkà yín ti bàjẹ́ ni.

Ti 1972 mọ́lẹ̀ kedere, ẹ̀rọ gidi ni wọ́n gbé lọ. Wọ́n fi orúkọ Otis Spann, tó ti kú ní 1970, pe pápá náà. Àwo méjì ló wà nínú páálí kan, nítorí náà tí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ rí i pé méjèèjì pé. Ìbínú mi sí i ni pé olórin pọ̀, ọ̀pọ̀ kò sì ní ju orin kan lọ: ẹ kò tíì jókòó dáadáa ti Freddie King, wọ́n ti gbé e lọ. Kì í ṣe blues nìkan, Sun Ra, olórin jazz, wà níbẹ̀, tí òun gba ojú ọ̀run lọ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá Sippie Wallace. Ọdún 1898 ni wọ́n bí i, àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú ṣáájú, Bonnie Raitt ọmọ ọdún 22 sì dúró tì í. Màmá àgbà ń gba àwọn obìnrin nímọ̀ràn nípa ọkùnrin, ọmọdé ń gbè é, agbo sì ń rẹ́rìn-ín. Nítorí orin yẹn nìkan, mi ò lè ta tèmi.

Howlin' Wolf wà nínú Copacabana, ó tún wà níbí. Ọmọ ọdún 53 ni ní ìgbà àkọ́kọ́, 62 ni ní ìkejì, àìsàn ọkàn sì ti mú un. Ẹ gbọ́ méjèèjì kí ẹ tó dájọ́ pé arúgbó kò lágbára mọ́.

Owó àwo kan ló wà lọ́wọ́ yín? Copacabana ni kí ẹ rà, lábẹ́ orúkọ èyíkéyìí tó bá pọ̀ ní ọjà, tí owó rẹ̀ bá kéré jù. Tó bá jẹ́ ohùn jẹ́jẹ́ lẹ fẹ́ lálẹ́, Newport. Ti 1972 ló tẹ̀lé e. Ti 1969, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó náwó sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí wọn, ẹ wá DVD American Folk Blues Festival 1962–1966, tí wọ́n ti inú ètò tẹlifíṣọ̀n Jámánì ṣà jáde.

Àwo Copacabana mi kejì ṣì wà nílẹ̀. Àbúrò mi ní òun fẹ́ ẹ, kò kàn tíì ní ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ ọ ni.