Ọta òjé, ọta irin tàbí bismuth: èwo ló yẹ ìbọn yín?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹran ọ̀yà síwájú mi nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ́níyà. Òkèlè kẹta ni mo ń jẹ lọ́wọ́ tí eyín mi fi bá nǹkan pàdé. Mo tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. Hóró òjé kan ni, ó ti pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú eyín mi sì hàn lára rẹ̀ kedere. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọdẹ kì í sá fún ọta. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó tì mí, inú àwo kan náà ni òun náà ti ń mú ẹran. Ọmọ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, nítorí májèlé ni òjé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé àṣẹ tí ẹ sì fẹ́ ra kátíríìjì, ìyẹn ìdì tó kó ẹ̀tù àti hóró ọta sínú, ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ pé kí ọdẹ fi òjé sílẹ̀ ti ń jà ràn-ìn lókè òkun, ó ti pẹ́. Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n fi òjé pa pẹ́pẹ́yẹ ẹ̀gàn mọ́ láti ọdún 1991. Denmark fòfin de ọta òjé pátá ní 1996. Ní California, láti 2019, kò sí ẹran ìgbẹ́ kankan tí òfin gbà kí wọ́n fi òjé pa. EU, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, náà dè é ní àbàtà àti etí omi láti oṣù Kejì ọdún 2023. Nàìjíríà tiwa wà nínú àdéhùn AEWA lórí àwọn ẹyẹ omi, àdéhùn tó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè jáwọ́ nínú ọta òjé ní àbàtà. Ẹ lọ bi ọdẹ kan ní Ìdó tàbí ní Lágelú bóyá ẹnì kan sọ fún un rí.

Ẹyẹ omi ló kọ́kọ́ fa ariwo náà. Pẹ́pẹ́yẹ máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì kí ó lè bá iwe rẹ̀ lọ oúnjẹ. Hóró òjé tó bọ́ sínú ẹrẹ̀ kò yàtọ̀ sí òkúta lójú tirẹ̀, ó gbé e mì, májèlé sì bẹ̀rẹ̀. Igún náà wà ńbẹ̀. Ẹran tí ọdẹ ṣe léṣe tó sá lọ kú sínú igbó, igún ló ń jẹ ẹ́ tòun tọta. Irú igún ńlá kan tí wọ́n ń pè ní condor ní California fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán, òjé sì wà lára ohun tó ń pa á jù. Àwọn àgbà wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Wọn ò mọ̀ pé a lè pa á láìdojú ìbọn kọ ọ́.

Ohun tí àwọn ọdẹ ń wí

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ọdẹ àdúgbò wa. Bàbá kan tó ti ń dẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tó ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló kọ́kọ́ fèsì: "Ọmọ mi, ta ló ní irin jẹ́ tuntun? Nígbà ṣakabùlà, irin wẹ́wẹ́ tí alágbẹ̀dẹ gé la ń rọ lé ẹ̀tù lórí. Òjé dé, ẹ ní ó sàn. Ẹ tún ti ní ká padà?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni bàbá sọ. Àmọ́ ọ̀pá ṣakabùlà nípọn, ẹnu rẹ̀ kò sì fún. Bí irin bá ha inú rẹ̀, ta ló ń yọjú wò ó? Ìbọn kátíríìjì ò rí bẹ́ẹ̀, màá dé orí rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ò tilẹ̀ bá ìtàn lọ. Owó ni tiwọn, àti ibi tí wọ́n ti máa rí i rà. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ohun tí mo rò pé ó wúwo jù: bí irin bá fúyẹ́, tí ẹran gba ọta tí kò kú, ṣé ìyẹn kì í ṣe ìkà? Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bi ara wọn ní ìbéèrè yìí náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀ fẹnu kò pé àwọn máa fọwọ́ ara àwọn fi òjé sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Láàárín ọdún márùn-ún náà, àwọn olùwádìí ra ẹyẹ ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní pheasant lọ́jà lọ́dọọdún láti wo irú ọta tó wà nínú rẹ̀. Ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá tí wọ́n ṣì bá òjé lára wọn. Ní 2025, ìjọba wọn kéde pé òfin ń bọ̀. Ní Denmark, wọ́n ráhùn bákan náà nígbà tí òfin dé, ṣùgbọ́n irin ni púpọ̀ nínú wọn ń yìn lónìí, wọ́n sì ń pa ẹran.

Ìwọ̀n wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ẹ jẹ́ ká mú ìdérí kékeré kan tó gba omi gíráàmù kan péré. Bí òjé bá kún un, yóò wọn nǹkan bíi gíráàmù 11.3. Irin yóò wọn 7.9. Bismuth, ohun àlùmọ́nì kan tí wọ́n máa ń pò mọ́ tánganran, yóò lé díẹ̀ ní 9.5. Tungsten, ohun àlùmọ́nì míì, èyí tó dára jù nínú rẹ̀ yóò tó 18. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ohun tó wúwo ń gbé agbára rẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn, ohun tó fúyẹ́ ń tètè rẹ̀. Kódà nọ́ńbà 12 tí ẹ ń pe ìbọn yín, òjé ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n: bọ́ọ̀lù òjé méjìlá tó ṣe gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá náà ló ń wọn pọ́n-ùn kan.

Nítorí náà, ẹni tó ń kúrò lórí òjé bọ́ sórí irin gbọ́dọ̀ mú hóró tó tóbi sí i, nọ́ńbà méjì sókè. Bí ẹ bá ń lo nọ́ńbà 5 ti òjé, nọ́ńbà 3 ti irin ni kí ẹ béèrè. Ẹ rántí pé bí nọ́ńbà ṣe ń kéré ni hóró ń tóbi. Ẹ má sì fi irin yin ohun tó bá ju yáàdì 35 lọ.

Ṣé ìyẹn pọ̀ fún wa? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀yà tí iná orí mú lójú lóru, ìṣísẹ̀ ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n la ń dúró sí. Igbó wa dí débi pé ojú ò tilẹ̀ ríran jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lé awó ní gbangba ọ̀dàn lè ráhùn. Ọdẹ òru ní Ìjàyè kò ní àwíjàre níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí ó bà á lẹ́rù ni àpáta, nítorí irin ò rọ̀ bí òjé. Bó bá bá òkúta, yóò ta padà, ó sì lè jẹ́ ojú ẹni tó gbé iná lẹ́yìn yín ni yóò bá.

Ìbọn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ọ̀rẹ́ mi kan jogún ìbọn ẹlẹ́nu méjì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ẹnu òsì rẹ̀ fún pinpin, irú ìfún tí àwọn oníbọn ń pè ní choke. Ó rí páálí ọta irin kan rà, hóró rẹ̀ tóbi. Ẹni tó tà á fún un ò bi í léèrè irú ìbọn tó ní. Ó yin mẹ́rin lọ́jọ́ kan. Lálẹ́, bó ṣe ń fi àkísà olóróró nu ọ̀pá, ọwọ́ rẹ̀ kọ́ nǹkan. Ó gbé e sún mọ́ àtùpà: òrùka tín-ín-rín kan ti wú yí ọ̀pá náà ká, ó tó ìka méjì sí ẹnu. Ìbọn náà kò bẹ́. Kò sì tún bọ̀ sípò títí di òní.

Òjé máa ń rún ara rẹ̀ kọjá ibi tó fún. Irin kì í rún, ọ̀pá ló gbọ́dọ̀ yẹra fún un. Bí ìbọn yín bá ti darúgbó, bí ọ̀pá rẹ̀ bá fẹ́lẹ́ tàbí tó jẹ́ irin tí wọ́n lọ́ pọ̀ bí okùn, tó ń hàn bí omi tó ń ṣàn lára rẹ̀, ẹ má fi irin sínú rẹ̀ láéláé. Bó bá jẹ́ ti ìgbàlódé, ẹnu tó fún dé ìdajì choke ni òpin, kí kátíríìjì náà sì ní ife ike tó nípọn tó gba àwọn hóró mọ́ra. Àwọn ọta irin alágbára kan wà tó jẹ́ pé ìbọn tó ní àmì òdòdó kékeré elétí mẹ́ta lára ọ̀pá nìkan ló lè gbà wọ́n. Ẹ wo gígùn pẹ̀lú: àwọn ìbọn àtijọ́ míì, kátíríìjì mílímítà 65 ni wọ́n ṣe wọ́n fún, ti 70 ló sì pọ̀ lọ́jà.

Ìbọn tí alágbẹ̀dẹ rọ lẹ́yìnkùlé, mi ò bá yín dá sí i. Òfin ò gbà á.

Bismuth ni wọ́n ṣe fún irú ìbọn bàbá ọ̀rẹ́ mi yẹn. Ó rọ̀ tó, kò ní ha ọ̀pá, ó sì wúwo ju irin lọ. Ẹ̀yà rẹ̀ kan tilẹ̀ wà nínú oògùn inú rírun. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bó bá bá egungun, àti owó: ìlọ́po ìlọ́po ti òjé ni. Tungsten tún ga ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá ń fi tungsten pa ọ̀kẹ́tẹ́, kó yáa lọ ra màlúù. Irin ló sún mọ́ òjé jù ní iye, níbi tí ọjà rẹ̀ ti wà. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí mo dé nílùú yìí, òjé ló kún ibẹ̀.

Inú ìkòkò ńkọ́?

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù. A ò gbàgbé Zamfara ní 2010, níbi tí eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà ti pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Nínú Ìbàdàn níbí, ìdọ̀tí bátìrì tí wọ́n dà sílẹ̀ ní Olódó ti ba ilẹ̀ jẹ́, àwọn olùwádìí sì ti rí òjé nínú ilẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn tó ń yọ́ bátìrì mọ́tò nínú agbada láti fi rọ ọta: èéfín yẹn burú ju hóró inú ẹran lọ, ara aṣọ yín ló sì ń bá yín wọlé.

Hóró tí ẹ bá rí, ẹ lè yọ ọ́. Èyí tó ti fọ́ bí eruku sínú ẹran kì í hàn sójú, àyàfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ X-ray wò ó. Ẹ gé ẹran ojú ọgbẹ́ sọ nù dáadáa, ẹ má ṣojúkòkòrò. Tòmátì àti ohun kíkan yòókù ń mú kí òjé yọ́ jáde sínú ọbẹ̀, sísun lórí iná igi ò sì gbé e kúrò. Ẹ má fún aláboyún àti ọmọ kékeré ní ẹran tí a fi òjé pa. Bó bá jẹ́ irin, àléébù rẹ̀ ni pé eyín lè kán, ṣùgbọ́n kò ní wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ.

Àwọn tó ń ra ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè: ìbọn àbí pàkúté? Kò ní bínú.

Nígbà tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù

Ẹ ka ara páálí. Bí kò bá ní àkọsílẹ̀ irú ọta tó wà nínú rẹ̀, ẹ mú òòfà kékeré dání. Ẹ fi kan ẹ̀gbẹ́ kátíríìjì níhà ẹnu, kì í ṣe ìdí, nítorí irin lè wà lábẹ́ ìdẹ ìdí rẹ̀ kó tàn yín jẹ. Bó bá fà mọ́ ọn, irin ni, ì báà jẹ́ pé wọ́n kùn ún ní bàbà. Ẹ wò ó bóyá ó ti dípẹtà, pàápàá tó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ nínú àjà tó ń jò. Ẹ má sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, bó ti wù kó pọ́n tó.

Ní tèmi, páálí tí mo rà kẹ́yìn ku méjìlá, òjé ni gbogbo rẹ̀, mi ò sì ní da á nù. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tí mò ń gbé lóru kì í ṣe ti àtijọ́, ẹnu rẹ̀ kò fún. Mo ti sọ fún oníṣọ́ọ̀bù kí ó bá mi wá nọ́ńbà 3 ti irin. Ó wò mí lọ títí, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọdún Ògún.