Ìbomú wo ni kí ẹ rà sílẹ̀? Ìfiwéra fún ìdílé tó ń gbé ní Òṣogbo

Ewu mẹ́ta ló wà lábẹ́ òrùlé wa ní Òkè-Baálẹ̀. Ìyá mi ní asímà, eruku ọyẹ́ kì í sì í fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ìyàwó mi ń rẹ àdìrẹ lẹ́yìnkùlé. Èmi ni mo máa ń gun òkè àjà lọ kó ìgbẹ́ èkúté. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, a ra páálí ìbomú aláwọ̀ búlúù kan, ọkàn wa sì balẹ̀ pé ó ti tó fún gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìyá mi fi ìbomú náà sùn, ó fi jí, ikọ́ kò dá. Àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá kí wa lọ́jọ́ kan. Ó ki ìka méjì bọ àlàfo tó wà láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá àti ìbomú náà, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ wò ó, ibi tí eruku ń gbà wọlé nìyí."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn pẹ́ńtà àti àwọn tó ń ta irinṣẹ́ léèrè, tí mo sì ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí kí n tó sanwó. Ohun tí mo rí ni mo kó jọ síbí fún ẹni tó bá fẹ́ rà á sílẹ̀ de ọjọ́ ewu.

Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ béèrè ohun tí ẹ fẹ́ kó dá dúró. Ẹ wo asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì: èèrí dúró lókè, omi kọjá. Eruku, ìgbẹ́ èkúté tó ti gbẹ di lẹ́búlẹ́bú, èérún inú èéfín, itọ́ wẹ́wẹ́ tó ń fò jáde lẹ́nu ẹni tó ń wúkọ́, gbogbo ìyẹn ni èèrí. Gáàsì ni omi. Òórùn pẹ́ǹtì, gáàsì inú aró, májèlé tó ń ti ẹnu jẹnẹrétọ̀ jáde, wọ́n á gba inú asẹ́ eruku kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Aláṣọ àti aláwọ̀ búlúù

Ti aláṣọ kò gbọdọ̀ dá wa dúró pẹ́. Àwọn télọ̀ ìlú yìí rán ti ankárá títí lọ́dún kòrónà. Ó ṣeé fọ̀, ó sì ń dín itọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ kù, ṣùgbọ́n ihò àárín òwú rẹ̀ tóbi ju eruku ọyẹ́ tó kúnná lọ. Ẹ máa fi gbá àgbàlá. Ẹ má kà á mọ́ ohun ìpamọ́.

Aláwọ̀ búlúù, èyí tí àwọn dókítà ń lò ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ní ìpele mẹ́ta, ìpele àárín sì ni asẹ́ gidi. Asẹ́ yẹn kò burú rárá. Ẹ̀gbẹ́ ló ti kùnà: kò lẹ̀ mọ́ ojú. Wọ́n ṣe é kí itọ́ dókítà má bàa kán sínú egbò ẹni tí wọ́n ń là ni. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ro ti ẹni tó wọ̀ ọ́. Torí náà, ẹni tí ikọ́ ń ṣe ni kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ fún, kó má bàa ran ará ilé, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì wọ èyí tó lágbára jù ú lọ. Ilé tí mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe é ní òdìkejì kò lóǹkà, títí kan ilé tèmi. Páálí kan sábà máa ń jẹ́ 50, owó rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ ra ọ̀kan. Búlúù níta, wáyà lókè. Tí ẹ bá wọ méjì lórí ara wọn, kò di N95, ìyẹn ìbomú tó ń lẹ̀ mọ́ ojú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ yìí.

N95, FFP2, KN95: ibi tó yẹ kí owó yín lọ

Amẹ́ríkà ló ni orúkọ N95, Yúróòpù ló ni FFP2, Ṣáínà ló ni KN95. N95 àti KN95 gbọ́dọ̀ dá 95 dúró, ó kéré tán, nínú gbogbo 100 èérún tí wọ́n bá fi dán asẹ́ wọn wò. FFP2 gbọ́dọ̀ dá 94 dúró. Ìyàtọ̀ 94 sí 95 kò tó ohun tí à ń bá ọlọ́jà jà sí. FFP3 lágbára jù wọ́n lọ, 99 ni tirẹ̀, àmọ́ ó máa ń wọ́n, mímí nínú rẹ̀ sì lè le jù. Èérún tí wọ́n fi ń dán N95 wò kéré débi pé fọ́nrán irun orí kan nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po igba. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ìwọ̀n yẹn ni, torí òun ló ṣòro jù fún asẹ́ láti mú.

Ohun tó ń mú un ni agbára iná díẹ̀ tí wọ́n fi sára òwú asẹ́ náà, irú agbára tó ń mú kí kóòmù fa bébà wẹ́wẹ́ mọ́ra lẹ́yìn tí a bá fi ya irun gbígbẹ. Ọṣẹ ń pa agbára yẹn, sípíríìtì ń pa á. Nítorí náà, ẹ má fọ̀ ọ́, bó ti wù kó dọ̀tí tó. Tó bá dọ̀tí, tó tutù, tó fún pọ̀, tàbí tí mímí nínú rẹ̀ ti ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ jù ú nù. Tí kì í bá ṣe ọ̀dọ̀ aláìsàn lẹ ti lò ó, ẹ lè gbé e sínú àpò bébà kó gbẹ, kẹ́ ẹ sì tún un lò.

Àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, okùn ni mo fi ń yàn. N95 gidi ní okùn méjì tó yí orí ká: ọ̀kan gba ìpàkọ́ lókè, èkejì gba ọrùn lábẹ́ etí. KN95 sábà máa ń kọ́ etí ni, okùn etí kò sì lè fa asẹ́ mọ́ ojú tó bẹ́ẹ̀. FFP2 wà lóríṣi méjèèjì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. N95 olókùn méjì ni mo rà fún ìyá mi. Híjáàbù ni wọ́n ń lò, torí náà okùn ń lọ sábẹ́ híjáàbù, sórí irun gan-an. Tó bá wà lórí aṣọ, yíyọ̀ ló máa yọ̀. Mo kọ́kọ́ mú wọn lọ bá dókítà, nítorí mímí gba agbára díẹ̀ sí i nínú rẹ̀, ẹni tó ní asímà tàbí àìsàn ọkàn kò sì gbọdọ̀ dédé kó o sórí. Dókítà ní kí wọ́n máa lò ó tí wọ́n bá fẹ́ jáde nígbà tí ọyẹ́ bá mú, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, kí wọ́n má fi sùn, kí inhélà má sì jìnnà sí wọn. Eruku tó ń ti aginjù Bódélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì wá bá wa yìí kúnná gan-an. Ìyá mi ní ìyàtọ̀ yé wọn láti ọjọ́ kìíní.

Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ tán, ẹ fi ìka méjèèjì tẹ wáyà mọ́ igi imú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó, kẹ́ ẹ mí jáde gidi. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ojú yín, tàbí tí gíláàsì ojú yín bá ń kún fún ìrì, kò tí ì lẹ̀. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀ rárá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa dá tiwọn sí nítorí ẹ̀sìn, n kò sì sọ pé kẹ́ ẹ fá a. Kí ẹlòmíràn nínú ilé ṣe iṣẹ́ eléruku náà ni. Ní ti ọmọdé, wọn kò ṣe N95 fún wọn, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjì kò sì gbọdọ̀ wọ ìbomú kankan. Wọlé, ti fèrèsé, fi àkísà tútù nu ilé: ìyẹn ni tiwọn.

Ayédèrú pọ̀. Lára N95, ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọ̀rọ̀ náà NIOSH (àjọ Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí N95) tí wọn kò ṣì lẹ́tà rẹ̀ kọ, àti nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TC-84A. Tó bá jẹ́ okùn etí ló ní, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ti ọmọdé ni, ẹ gbé e sílẹ̀. Lára FFP2, EN 149 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àti CE tí nọ́ńbà mẹ́rin tẹ̀ lé. CE nìkan kò tó. Lára KN95, GB 2626 ni kẹ́ ẹ wò. Ọlọ́jà kan tú tirẹ̀ sínú ọ̀rá fún mi ní ọjà, láìsí páálí, láìsí nọ́ńbà, ó ní ọ̀kan náà ni. Mo dúpẹ́, mo kọjá. Ilé oògùn ńlá tó máa fún yín ní rìsíìtì ló yẹ kẹ́ ẹ ti rà á, tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ohun ààbò fún àwọn òṣìṣẹ́.

Èyí tó ní ihò ìmí níwájú ń tu ni lára nínú ooru, ó sì dára fún eruku. Kò dára fún ẹni tó ń ṣàìsàn, torí ìmí rẹ̀ ń jáde láìsẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan nípa òkè àjà. Èkúté ló ń gbé ibà Lásà kiri, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Mo ti jáwọ́ nínú gbígbá a ní gbígbẹ. Mo ń fín omi bílíìṣì sí i, mo ń dúró kó rin gbingbin, lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi àkísà kó o, pẹ̀lú N95 lójú àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́. Ìbọ̀wọ́ yẹn ṣe pàtàkì tó ìbomú, torí ọwọ́ àti oúnjẹ ni àìsàn náà sábà máa ń bá wọlé.

Ìbomú rọ́bà alágolo

Ìlú aró ni Òṣogbo, ibí yìí sì kan ilé púpọ̀. Aró àtijọ́ jẹ́ ewé ẹ̀lú àti omi eérú. Ti ìsinsìnyí jẹ́ sódà àti àtíkè funfun tó ń jẹ́ sodium hydrosulphite. Tí omi bá kan àtíkè yẹn, ó lè tú gáàsì sulphur dioxide jáde, èyí tó ń ta imú bí ata, tó sì lè mú asímà dìde lójú ẹsẹ̀. Ìyá mi wà nínú ilé, aró wà lẹ́yìnkùlé; ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé. N95 máa dá eruku sódà dúró nígbà tí ìyàwó mi bá ń dà á. Kò lè dá gáàsì yẹn dúró.

Ìbomú rọ́bà tó bo imú àti ẹnu, tó ní agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ló lè ṣe é. Èédú tí wọ́n ṣe lákànṣe ló wà nínú agolo gáàsì, òun ló ń mú gáàsì náà. Owó rẹ̀ ju ti páálí N95 lọ dáadáa, ṣùgbọ́n rọ́bà náà ṣeé fọ̀, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún, agolo nìkan lẹ óò máa pààrọ̀. Ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ju N95 lọ.

Àwọ̀ agolo ló lè tan yín jẹ. Ní ti Yúróòpù, àwọ̀ búráùn wà fún òórùn pẹ́ǹtì àti tínà, yẹ́lò fún sulphur dioxide, funfun fún eruku. Ní ti Amẹ́ríkà, dúdú ló wà fún pẹ́ǹtì, funfun fún gáàsì asíìdì bíi sulphur dioxide, yẹ́lò fún méjèèjì pọ̀. Ẹ rí funfun yẹn? Lọ́dọ̀ àwọn kan gáàsì ló ń mú, lọ́dọ̀ àwọn kejì eruku ni, orí káńtà kan náà ni wọ́n sì máa ń kó wọn sí. Aláró tó bá ra funfun ti Yúróòpù ti ra asẹ́ eruku. Lẹ́tà ni kẹ́ ẹ kà: ti ìyàwó mi jẹ́ E fún gáàsì àti P fún eruku. Ó tún ń wọ gíláàsì ààbò, torí ìbomú yìí kò bo ojú, sódà kò sì mọ ojú.

Tí ẹ bá ti já agolo, èédú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kún, kódà tó bá kàn wà lórí tábìlì. Ẹ máa dé e mọ́ inú ike tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀. Tí òórùn bá ti ń gbà á kọjá, ó ti kún nìyẹn.

Ìbomú sójà àtijọ́ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Rárá. Ọjọ́ agolo wọn ti kọjá, wọ́n sì ti rí asbestos, èérún tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nínú asẹ́ àwọn kan tí ìjọba Soviet (Rọ́ṣíà àtijọ́) ṣe.

Ohun tí gbogbo wọn kò lè ṣe

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Carbon monoxide tó ń ti jẹnẹrétọ̀ jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì sí ìkankan nínú ìbomú tí mo dárúkọ yìí tó ń dá a dúró: N95 kò lè ṣe é, agolo yẹ́lò kò lè ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà níta pátápátá, kó jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe ilé ìdáná. Tí owó yín kò bá tó nǹkan méjì, ẹ fi ra aago tó ń ké tí gáàsì yìí bá wọlé, kẹ́ ẹ fi ìbomú sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ iná náà rí bẹ́ẹ̀: N95 lè dín eérú àti èérún èéfín kù fún ẹni tó ń sá jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ wọ inú ilé tó ń jó.

Iye tí a rà, ibi tí a kó o sí

Àwa mẹ́fà là ń gbé ilé wa, méjì jẹ́ ọmọdé. A ní páálí N95 kan tó jẹ́ 20, páálí aláwọ̀ búlúù kan, ìbomú rọ́bà kan pẹ̀lú agolo ìpààrọ̀ méjì tí a kò tí ì já. Mo kọ́kọ́ kó wọn sí òkè àjà, àbúrò mi ní kí n sọ̀ wọ́n kalẹ̀, torí ooru páànù ń jẹ rọ́bà okùn, ó sì ń ba asẹ́ jẹ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá ni wọ́n wà báyìí, nínú ike onídèérí, níbi tó gbẹ tí oòrùn kì í dé. Mo fi bírò kọ ọjọ́ tí wọ́n máa bàjẹ́ sí ara ìdérí gàdàgbà. Lóṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó dé, ìyàwó mi á gbé e jáde, á fa okùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.