Wọ́n Ta Kwaidan fún Mi, Wọ́n Yọ Obìnrin Yìnyín Kúrò Nínú Rẹ̀

Ìtàn mẹ́rin ló wà nínú Kwaidan, fíìmù tí Masaki Kobayashi ṣe ní 1964. Mẹ́rin náà ni wọ́n kọ sẹ́yìn àpótí sídì tí mo rà. Wọ́n tiẹ̀ gbé àwòrán òṣèrébìnrin Keiko Kishi, nínú aṣọ funfun láàárín yìnyín, sí iwájú ìwé pẹlẹbẹ tó bá a wá. Mo ki sídì náà bọ ẹ̀rọ. Ìtàn kìíní parí, ohun tó sì tẹ̀ lé e ni ogun orí omi Dan-no-ura, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn kẹta. Mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún sún un síwájú. Ìtàn kejì, Obìnrin Yìnyín, kò sí níbẹ̀. Obìnrin tí wọ́n fi polówó ọjà kò sí nínú ọjà.

Iye sídì tó wà nínú àpótí náà àti bí páálí rẹ̀ ṣe le tó, gbogbo ìyẹn wà lójú ewé ilé ìtajà, mi ò ní tún un kọ síbí. Fíìmù Jàpáànù láti 1960 dé 1979 ni wọ́n ní ó kó jọ. 140 pọ́n-ùn ni mo san, Kwaidan sì ni mo torí rẹ̀ san án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 183 ni odindi fíìmù yìí. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà láyé ìgbà yẹn, àwọn tó ń pín in kiri ní ó ti gùn jù, wọ́n sì gé ìtàn Obìnrin Yìnyín sọnù látòkè délẹ̀. Ẹ̀dà gígé yẹn ni ẹnì kan mú, ó tẹ̀ ẹ́ sórí sídì, kò wò ó, ó sì kì í sínú àpótí olówó ńlá. Ẹ tún wo ẹni tí wọ́n gé kúrò. Ní 1954, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńláńlá fi àdéhùn de àwọn òṣèré mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn, àwọn òṣèrébìnrin mẹ́ta dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀: Yoshiko Kuga, Ineko Arima àti Keiko Kishi yìí kan náà. Ninjin Club ni wọ́n pè é. Ninjin Club ló ṣe Kwaidan, owó tí fíìmù náà jẹ sì pọ̀ débi pé ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ilé tí obìnrin yìí fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ló wó lórí fíìmù yìí. Ipa tó kó nínú rẹ̀ ni wọ́n wá gé dà nù, wọ́n ṣì ń fi ojú rẹ̀ tajà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo kọ ímeèlì sí ilé ìtajà náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Èsì kìíní: ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ya fọ́tò ibi tí sídì náà ti há. Mo fèsì pé kò há, ó ń dán gbinrin, ìtàn kan ló sọnù nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ló dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí n wò ó bóyá ẹ̀rọ mi kì í ka sídì ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀rọ tó ka ìtàn mẹ́ta tó wá fo ẹyọ kan! Mo to orúkọ àwọn ìtàn náà fún un, mo kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, mo ya fọ́tò ẹ̀yìn àpótí, mo fa ìlà sábẹ́ orúkọ èyí tí kò sí. Ẹni kẹta ló wá kọ ohun tó mú kí n dìde lórí àga. Ó ní fíìmù àtijọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí apá kan rẹ̀ ti sọnù láti Jàpáànù, àmọ́ wọn yóò fún mi ní ẹ̀dínwó lórí ọjà tí mo bá tún rà.

Kò sí ohun tó sọnù. Wọ́n ti tún fíìmù náà ṣe ní odindi, ẹni tó bá sì fẹ́ rà á á rí i rà. Kí òǹtàjà má mọ ọjà rẹ̀, mo lè fara da ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó máa dá irọ́ sílẹ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn, kó sọ pé àwọn tó ṣe é ni kò tọ́jú rẹ̀, ìwà ìkà ni. Mo kọ̀ ẹ̀dínwó náà. Mo gbé fóònù.

Wọ́n fi orin dá mi dúró pẹ́ títí. Nígbà tó yá, obìnrin kan gbé e. Ohùn àgbà ni ohùn rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe ti ń ṣe é fún gbogbo wọn, kò sì jẹ́ kí n parí. Ó ní, “Ṣé èyí tí ojú wà lójú ọ̀run yẹn?”

Mo dákẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni.

Ó ní, “Ẹ ní wọn ò fi ojú ọ̀run yẹn síbẹ̀? Ẹ mú sùúrù, ẹ má pa fóònù.” Mo gbọ́ tó ń fa ọ̀rá ya lára àpótí tuntun kan. Mo gbọ́ tó ń bi ẹnì kan léèrè ibi tí ẹ̀rọ wà. Nígbà tó padà, ó ka àkókò tó rí lórí ẹ̀rọ sókè fún mi: wákàtí méjì àti díẹ̀. Ó ní, “Ó yẹ kó lé ní wákàtí mẹ́ta. Wọ́n ti gé e.” Kò béèrè fọ́tò. Kò bi mí irú ẹ̀rọ tí mo ní. Ó ní kí n má dá ohunkóhun padà ná, òun ń lọ sí ilé ìkẹ́rùsí láti lọ wo àwọn tó kù. Fúnra rẹ̀ ló pè mí padà lọ́jọ́ kejì. Ó ní àwọn àpótí tó kọ́kọ́ jáde ló ní sídì gígé yìí, àwọn tó tẹ̀ lé e pé. Ó sì jẹ́wọ́ fún mi, láìjẹ́ pé mo bi í, pé oníbàárà kan ti ké gbàjarè ṣáájú mi tí wọ́n sì ti ìwé ẹjọ́ rẹ̀ pa láìdá a lóhùn. Ó bẹ̀ mí. Ẹ̀bẹ̀ tó ti ọkàn wá ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ láti máa kà. Bí mo bá mọ ọ̀gá rẹ̀, ǹ bá sọ fún un pé obìnrin yìí nìkan ló mọ ohun tí ilé ìtajà yẹn ń tà.

Síbẹ̀, nígbà tí sídì tuntun dé, inú àpòòwé lásán ló wà, kò ní páálí tirẹ̀. Ẹ̀ka tó ń rí sí owó sì ti yọ 4.95 pọ́n-ùn lọ́wọ́ mi fún owó ìfiránṣẹ́. Àṣìṣe wọn, owó mi.

Mo wá wò ó.

Inú ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ òfuurufú sí tẹ́lẹ̀ ni Kobayashi kọ́ ayé fíìmù yìí sí. Ọwọ́ ni wọ́n fi kun ojú ọ̀run rẹ̀, ọ̀run pupa, ọ̀run àwọ̀ ewé, ó sì ní ojú ńláńlá tó la sílẹ̀ tó ń wo àwọn ènìyàn. Àwọn agégi méjì sá fún ìjì yìnyín wọ ahéré kan. Obìnrin funfun kan wọlé, ó mí sí èyí tó dàgbà nínú wọn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dì. Ó yíjú sí ọ̀dọ́ tó kù, Minokichi, tí Tatsuya Nakadai ṣe. Ó ní òun dá a sí nítorí pé ó kéré, ó sì rẹwà, àmọ́ bó bá sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ìyá rẹ̀, òun á pa á. Nígbà tó ṣe, ó pàdé ọmọbìnrin kan lọ́nà, ó gbé e níyàwó, wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, àwọn obìnrin àdúgbò sì ń ṣe háà pé ìyàwó náà kì í darúgbó.

Ẹni tí wọ́n pa àlọ́ ọdẹ tó fẹ́ obìnrin ẹfọ̀n fún ní kékeré mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ẹnu ọkọ ni yóò tú u. Àmọ́ bí wọ́n ṣe pa àlọ́ yẹn fún mi, ẹfọ̀n náà gbé awọ rẹ̀ wọ̀, ó sì fi ìwo gún àwọn orogún rẹ̀ pa kó tó wọ igbó lọ. Obìnrin yìnyín kò pa ẹnì kankan nínú ilé yẹn. Minokichi jókòó nídìí fìtílà, ó ń hun sálúbàtà fún ìyàwó àti ọmọ, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ní ojú yìí jọ ti ẹnì kan tí mo rí rí. Ó sọ ọ́. Iná inú ilé yí padà di búlúù. Keiko Kishi dìde, kò pariwo, ojú tí a ti ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ sì di ojú mìíràn láìjẹ́ pé ó fi nǹkan kan bò ó. Ó ní nítorí àwọn ọmọ tó sùn yìí nìkan ni òun kò fi ní pa á. Ó lọ. Ọkọ gbé sálúbàtà tó hun fún un síta sórí yìnyín, ó sì gbà á.

Mo sunkún, mi ò ní fi pamọ́.

Ìdí nìyí tí gígé yẹn fi ba gbogbo fíìmù náà jẹ́. Nínú ìtàn kìíní, samurai kan kọ ìyàwó rẹ̀ ahunṣọ sílẹ̀ torí ọrọ̀. Nígbà tó padà, egungun àti irun dúdú ló bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lórí ẹní ní òwúrọ̀, igi ilé sì ń dún kàà, kàà nínú ohùn tí Toru Takemitsu ṣe fún un, kódà nígbà tí a kò rí igi tó ń ya. Nínú ìkẹta, Hoichi afọ́jú tó ń fi biwa, ohun èlò orin olókùn, kọrin ogun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ àwọn òkú fa etí rẹ̀ méjèèjì ya, torí pé etí nìkan ni àwọn àlùfáà gbàgbé láti kọ ọ̀rọ̀ mímọ́ sí. Nínú ìkẹrin, ọkùnrin kan mu ẹ̀mí ẹlòmíràn nínú ife tíì, kò sì sí ìsinmi fún un mọ́. Àánú ò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìtàn kejì nìkan ni ẹni tó lágbára láti pa ti wo ọmọ tó ń sùn, tó sì dá ọwọ́ dúró. Ọkùnrin tó ṣe fíìmù yìí ti jẹ́ ọmọ ogun nígbà ogun àgbáyé, ó kọ ìgbéga, ó ní òun ò ní ga ju ọmọ ogun lásán lọ. Kò ṣèèṣì fi àánú síbẹ̀.

Ẹ̀sùn mi kan ṣì wà lórí sídì tuntun náà. Funfun ni ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, yìnyín funfun, aṣọ obìnrin yìnyín náà funfun. Gẹ́lẹ́ ibi tó ti ń kìlọ̀ fún Minokichi ni ojú ò ti lè ka ohunkóhun. Ìlà dúdú tín-ín-rín tó yí lẹ́tà náà ká ì bá ti yanjú rẹ̀.

Àwọn fíìmù tó kù? Harakiri, tí Kobayashi kan náà ṣe ní 1962, mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn lè ka òkúta wẹ́wẹ́ inú àgbàlá ilé Iyi. Koríko gíga inú Onibaba ti Kaneto Shindo ń mì bí ẹni pé ó wà nínú pálọ̀ mi. Ìwé pẹlẹbẹ náà sọ ọ̀rọ̀ olùdarí Seijun Suzuki dáadáa: bí ilé iṣẹ́ fíìmù Nikkatsu ṣe lé e níṣẹ́ ní 1968 nítorí Branded to Kill, bó ṣe pè wọ́n lẹ́jọ́, bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ ní 1971, tó sì jẹ́ pé 1977 ló tó tún rí fíìmù mìíràn ṣe.

Àwọn ọdún 1970 gan-an ni wọ́n rẹ́ jẹ. Fíìmù ẹyọ kan péré, Battles Without Honor and Humanity ti Kinji Fukasaku ní 1973, wọ́n sì pe àpótí náà ní 1960 dé 1979. Àwọn ọdún 1970 yẹn ni nǹkan le jù fún àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù Jàpáànù. Ní 1958, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ní gbogbo ilé sinimá wọn lé ní bílíọ̀nù kan. Nígbà tó fi máa di 1970, tẹlifíṣọ̀n ti jẹ ẹ́ dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 255. Ilé iṣẹ́ fíìmù Daiei kógbá sílé ní 1971, ọdún náà ni Nikkatsu yí sí fíìmù ìbálòpọ̀ kó má baà kú. Olùdarí Akira Kurosawa gbọ́dọ̀ lọ ilẹ̀ Soviet kó tó rí Dersu Uzala ṣe, tó jáde ní 1975. Ilé iṣẹ́ fíìmù Art Theatre Guild sì ń bá àwọn olùdarí dá owó, tí gbogbo ìnáwó fíìmù kan kì í ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 yen lọ. Irú iṣẹ́ tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ yẹn ṣe ni mo ń wá nínú àpótí yìí, mi ò rí ọ̀kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, kí ẹ tó jókòó wo ohunkóhun, ẹ ki sídì Kwaidan bọ ẹ̀rọ kí ẹ wo àkókò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 183, ó pé. Bó bá jẹ́ wákàtí méjì àti díẹ̀, ẹ má kọ ímeèlì, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ sì dúró títí orin yẹn á fi tán. Wọn ò tíì dá 4.95 pọ́n-ùn mi padà.

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún.